Láàárín Ìbàdàn àti Ifẹ̀: Pàṣípààrọ̀ Ẹ̀kọ́ ní Ìkirè àti Àpòmù

Pàṣípààrọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni pé kí ilé-ẹ̀kọ́ rán ọmọ tirẹ̀ lọ kọ́ nǹkan ní ilẹ̀ mìíràn, kí òun náà sì gba ọmọ ẹlòmíì sílé. Lórí ọ̀nà tó ti Ìbàdàn lọ sí Ilé-Ifẹ̀, ìkángun méjèèjì ló ní irú ètò bẹ́ẹ̀. Ní Yunifásítì Ìbàdàn, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1948, wọ́n ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ Amẹ́ríkà ní èdè Yorùbá. Ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ifẹ̀, ètò Fulbright-Hays ti Amẹ́ríkà ti kó irú wọn wá fún ẹ̀kọ́ kan náà. Ìkirè àti Àpòmù ló wà láàárín. Ohun tí ọ̀pọ̀ àlejò mọ̀ nípa ibẹ̀ kò ju pé mọ́tò dúró, wọ́n ra dòdò, mọ́tò ṣí. Ibi tí wọn kì í ti í bọ́ sílẹ̀ yìí gan-an ni ẹni tó kọ ìròyìn yìí bọ́ sílẹ̀ sí.

Kí ìrìn tó bẹ̀rẹ̀, ó yẹ ká wo ohun tó ti ṣẹlẹ̀ ní ìkángun méjèèjì. Ní Ifẹ̀, ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìdánwò ọlọ́dún mẹ́fà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ford Foundation ti Amẹ́ríkà ló fowó tì í lẹ́yìn. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo iṣẹ́, ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì pẹ̀lú, láti kíláàsì kìíní títí dé ìkẹfà. Gẹ̀ẹ́sì kàn jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn iṣẹ́ náà ni, ẹni tó mọ̀ ọ́n dunjú ló sì ń kọ́ wọn. Àwọn ọmọ mìíràn fi Yorùbá kàwé fún ọdún mẹ́ta, wọ́n sì yí sí Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí wọ́n gbé wọn wò pọ̀, àwọn tó fi Yorùbá kà á dé òpin ló ṣe dáadáa jù, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Òkèèrè ni owó ti wá, ilé ni ọgbọ́n ti jáde. Kò sí àjèjì tó wá sọ fún Fafunwa pé ọmọdé máa ń tètè lóye ohun tí wọ́n bá fi èdè ìyá rẹ̀ sọ fún un.

Ní Ìbàdàn, IITA ni tiwọn, ilé-iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1967 pẹ̀lú owó Ford àti Rockefeller. Ní 2012, ó bẹ̀rẹ̀ ètò tó ń sọ àwọn ọ̀dọ́ tó jáde ní yunifásítì di oníṣòwò oko. Lẹ́yìn náà ló mú irú ẹ̀kọ́ yìí wọ ilé-ẹ̀kọ́ girama ní Nàìjíríà, Kẹ́ńyà àti Kóńgò, pé kí ọmọ kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ bí òwò, kó má kà á sí ìyà tí wọ́n fi ń jẹ ọmọ tó bá pẹ́ dé ilé-ìwé.

Láti Ìwó Road ní Ìbàdàn ni mọ́tò ti ń gbéra. Ó kọjá Odò Ọ̀ṣun ní Àṣẹ́jìrẹ́, níbi tí wọ́n ti sé odò náà kí Ìbàdàn lè rí omi ẹ̀rọ mu, ó sì wọ Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Kò pẹ́ tó fi dé Ìkirè, ìlú tí Akirè ń jọba lé, olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Irewọlé. Àpòmù, tó jẹ́ ti ìjọba ìbílẹ̀ Ìṣọ̀kan, kò jìnnà sí i rárá. Ilẹ̀ kòkó ni gbogbo àyíká náà.

Àwọn tó ń ta dòdò ni wọ́n kọ́kọ́ pàdé mọ́tò. Dòdò Ìkirè yàtọ̀ sí dòdò tí a ń fi jẹ ìrẹsì. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tó ti pọ́n àpọ́njù, tí èèpo rẹ̀ ti dúdú, tó sì ti rọ̀ débi pé oní-dòdò lásán kò ní wò ó lẹ́ẹ̀mejì, òun ni wọ́n ń lò. Wọ́n á po ata àti iyọ̀ mọ́ ọn, wọ́n á dín in nínú epo pupa títí yóò fi dúdú, wọ́n á sì mọ ọ́n ṣù. Ìtàn tí wọ́n ń pa ni pé ìyá arúgbó kan ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀: kò ní ohun mìíràn nílé ju ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti fẹ́ bàjẹ́, kò sì fẹ́ dà á nù. Bóyá bẹ́ẹ̀ ló rí, bóyá bẹ́ẹ̀ kọ́, ìṣirò tó wà nínú rẹ̀ dájú. Ohun tí ọjà ti kọ̀ ni wọ́n ń rà ní ẹ̀dínwó, iṣẹ́ ọwọ́ ló sọ ọ́ di ohun tí èrò ọkọ̀ ń nawọ́ sí, orúkọ ìlú ló sì ń polówó rẹ̀. Olùkọ́ òwò tó bá ní kí kíláàsì òun ṣírò iye tí wọ́n ra ọ̀gẹ̀dẹ̀, epo àti igi ìdáná, kí wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú iye tí wọ́n tà á, ti rí iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì kọ́ wọn.

Ìjọba náà ti gbìyànjú láti mú irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ wọ kíláàsì. Ní 2011, ìlànà ẹ̀kọ́ tó jẹ́ titun nígbà náà fún girama àgbà mú iṣẹ́ ọwọ́ àti òwò 34 wá: aró rírẹ, aṣọ rírán, oúnjẹ sísè, ìtọ́jú ẹran ọ̀sìn, àtúnṣe fóònù àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà náà, akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ mú ó kéré tán ọ̀kan, àjọ ìdánwò WAEC sì bẹ̀rẹ̀ sí í dán wọn wò nínú rẹ̀ ní 2014. Ìṣòro rẹ̀ kò fara sin: ẹni tó mọ aró rẹ kò ní ìwé ẹ̀rí olùkọ́, ẹni tó ní ìwé ẹ̀rí kò ti ọwọ́ bọ ìkòkò aró rí. Nígbà tí ilé-ìwé bá wá fi ṣọ́ọ̀kì kọ́ aró rírẹ, ọmọṣẹ́ tó wà lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀ ní ìgboro, tó ń retí ọjọ́ fírídọ̀mù, ti ṣáájú ọmọ kíláàsì lọ.

Ìjọba Ọ̀ṣun gba ọ̀nà mìíràn ní 2013, nígbà Gómìnà Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá, pẹ̀lú Ọpọ́n Ìmọ̀, kọ̀ǹpútà pẹlẹbẹ tí wọ́n kó ìwé iṣẹ́ 17 àti ìbéèrè ìdánwò àtijọ́ sí fún akẹ́kọ̀ọ́ girama. Ẹ̀kọ́ nípa dídá òwò sílẹ̀ wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Ó gba àmì ẹ̀yẹ World Summit Award lọ́dún náà. Àmọ́ ẹ̀rọ tó bá bàjẹ́ ń fẹ́ alátùn-únṣe, bátìrì ń fẹ́ iná.

Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2006, pín ọgbà rẹ̀ sí oríṣiríṣi ìlú, ẹ̀kọ́ nípa ìwà ẹ̀dá àti àṣà ló sì bọ́ sí Ìkirè. Nínú irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀, àwọn tó ń kọ́ Faransé ní yunifásítì Nàìjíríà mọ ohun tí pàṣípààrọ̀ ń náni. Nígbà kan, wọ́n máa ń lọ sí Lomé, Dakar tàbí ilẹ̀ Faransé kí ahọ́n wọn lè yọ̀. Náírà já wálẹ̀ lẹ́yìn 1986, owó ìrìn náà sì di ẹrù. Ọgbọ́n tí wọ́n dá ni Abúlé Èdè Faransé ní Àgbádárìgì, 1991: àwọn ọmọ náà ń gbé pọ̀, wọ́n sì ń sọ Faransé lórílẹ̀-èdè tiwọn, ẹnu ibodè Bẹ̀nẹ̀ kò sì jìnnà. Kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú kí ènìyàn na ọjà ní Lomé fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ó sàn ju kí wọ́n jókòó sílé.

Ní Àpòmù ni ìrìn náà parí sí. Ọjà ló sọ ìlú yìí di olókìkí, nítorí ibẹ̀ ni Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Òwu àti Ìjẹ̀bú ti ń pàdé. Ènìyàn pẹ̀lú sì wà lára ohun tí wọ́n ń pààrọ̀. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tó jáde ní 1921, sọ pé kí Aólẹ̀ tó di Aláàfin, oníṣòwò ni, ó sì ta ọ̀rẹ́ ara rẹ̀ lẹ́rú ní ọjà yìí. Baálẹ̀ Àpòmù ní kí wọ́n nà án. Nígbà tí Aólẹ̀ jọba, Àpòmù ló ní kí ogun kọ́kọ́ lọ bá. Baálẹ̀ sá lọ Ifẹ̀, ó sì pa ara rẹ̀ kí ogun má bàa kan ìlú rẹ̀. Ìjà lórí ataare ní ọjà kan náà wà lára ohun tó dá ogun Òwu sílẹ̀ ní nǹkan bí 1821. Ogun náà tú Òwu ká, àwọn ọmọ rẹ̀ kan sì bá ara wọn ní Abẹ́òkúta. Ibi tí Òwu wà tẹ́lẹ̀ kò jìnnà sí Àpòmù. Orílé-Òwu ni wọ́n ń pè é títí di òní.