Ìrìn-Àjò Ẹ̀rọ Agbẹ́gi Kan láti Àpápá dé Ajégúnlẹ̀

Ẹni tí ó bá ti gbé ohun tí ó fi owó rẹ̀ rà padà lọ bá ẹni tí ó tà á fún un rí, yóò mọ̀ pé àlọ àti àbọ̀ irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ kì í dọ́gba. Nígbà tí a ń lọ rà á, ẹ̀rín ni wọ́n fi pàdé wa. Nígbà tí a gbé e padà dé, bẹ́ǹṣì ni wọ́n nà sí wa pé kí a máa dúró. Ìtàn ọ̀nà àbọ̀ yìí ni mo fẹ́ sọ fún yín lónìí, nítorí ó kọ́ mi ní ohun kan nípa Àpápá àti Ajégúnlẹ̀ tí n kò rí kọ́ nínú ìwé.

Olùkọ́ ni mí ní Abẹ́òkúta. Igi gbígbẹ́ ni mo fi ń najú nígbà tí a bá ti jáde ilé-ìwé. Ní ọdún tí ó kọjá, mo yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwa olùkọ́, mo sì fi ra ẹ̀rọ agbẹ́gi kékeré kan lọ́dọ̀ ajẹ́ńtì kan ní Àpápá. Ẹ̀rọ náà kò ju ohun tí a lè gbé ka orí tábìlì lọ. Àwòrán tí a bá yà sínú kọ̀ǹpútà ni ó ń gbẹ́ sára pákó. Mọ́tò mẹ́ta ni ó ń gbé ọ̀bẹ rẹ̀ kiri: ọ̀kan ń gbé e lọ sí ọ̀tún àti sí òsì, èkejì ń gbé e síwájú àti sẹ́yìn, ẹ̀kẹta ń gbé e sókè àti sísàlẹ̀. Irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ kì í yí fìrìfìrì bíi ti fáànù. Ìṣísẹ̀ ni ó fi ń yí. Èyí tí ó wọ́pọ̀ jù nínú wọn a máa ṣí ẹsẹ̀ ní ìgbà 200 kí ó tó yí po lẹ́ẹ̀kan. Ìdí nìyẹn tí ó fi lè fín ìlà tí ó tín-ín-rín bí irun.

Àwọn àgbà gbẹ́nàgbẹ́nà wa pín iṣẹ́ wọn sí ọ̀nà mẹ́rin. Èkíní ni ọnà lílé, nígbà tí wọ́n bá ń fi àáké lé àwòrán jáde lára igi. Èkejì ni àlétúnlé, ẹ̀kẹta ni dídán, ẹ̀kẹrin sì ni fínfín. Fínfín ni mo ra ẹ̀rọ yìí fún. Ilé-ìwé wa ti san àsansílẹ̀ fún pátákó 40 tí a ó fín orúkọ àwọn ọmọ tí ó ń jáde lọ sí. Ìrètí mi ni pé èrè pátákó wọ̀nyí ni n ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í san gbèsè ẹgbẹ́.

Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ méje tí mo rà á tí ọ̀bẹ náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í wárìrì nígbà tí ó bá fẹ́ lọ sí ọ̀tún. Yóò kùn hùn-ún-hùn-ún lójú kan, kò ní lọ, kò ní bọ̀. “Adébáyọ̀” tí mo ní kí ó fín di “Adéb”, ìyókù sì ṣùjọ síbì kan bí ẹsẹ̀ adìyẹ. Ọkàn mi balẹ̀, nítorí gàráńtì ọdún kan gbáko wà nínú páálí rẹ̀, òǹtẹ̀ ajẹ́ńtì sì wà lára rẹ̀.

Mo wọ ọkọ̀ ojú irin ní ibùdókọ̀ Wole Soyinka tí ó wà ní Láderin. Ojú irin yìí bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò láàárín Èkó àti Ìbàdàn ní 2021. Mo sọ̀ ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta, mo wọ dánfó, a gba Ìjọra kọjá, a sì dé Àpápá. Ẹni tí kò bá dé ibẹ̀ rí, kí ó mọ̀ pé ìlú ọkọ̀ akẹ́rù ni. Ní 1921 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ibi ìgúnlẹ̀ mẹ́rin àkọ́kọ́ tí ọkọ̀ òkun ńlá lè sún mọ́ ní Àpápá. Nigerian Ports Authority bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1955, wọ́n sì ṣí èbúté Tin Can Island ní 1977, lẹ́yìn tí ọkọ̀ tí ó kó sìmẹ́ǹtì ti há ojú omi Èkó pa ní 1975. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lórí omi nígbà náà tún padà wá ṣẹlẹ̀ lórí ilẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ọkọ̀ akẹ́rù fi tò dí ọ̀nà pa, títí wọ́n fi gbé ìlànà ìpè ọkọ̀ jáde ní February 2021, tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ ní Ètò.

Ní ọ́fíìsì ajẹ́ńtì, ọmọbìnrin tí ó wà nídìí tábìlì fi ọ̀wọ̀ kí mi.

Ó ní, “Ẹ má bínú, sà. A kò lè gbà á bẹ́ẹ̀. Ẹ ní láti gbé e wá nínú páálí tí ó bá wá.”

Mo ní, “Ọmọ mi, páálí ni ó bàjẹ́ ni, àbí ẹ̀rọ?”

Ó rẹ́rìn-ín, ó tún ní kí n má bínú. Mo gbé e padà sí Abẹ́òkúta. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo gbé e wá nínú páálí rẹ̀. Wọ́n gbà á, wọ́n ní kí n padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nígbà tí mo dé, ọ̀gá wọn sọ fún mi pé iná mànàmáná ni ó bà á jẹ́, gàráńtì kò sì bo ohun tí iná bá bàjẹ́. Mo bi í pé ta ni ó tú u wò. Ó ní kò sí ẹni tí ó tú u, nítorí bébà òǹtẹ̀ kan wà lára àpótí rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tí ó bá já a, gàráńtì ti parí. Ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe é lókè òkun nìkan ni ó lè tú u. Èmi ni n ó sanwó ọkọ̀ àlọ, èmi ni n ó sanwó àbọ̀, bí owó ibodè bá sì wà, èmi náà ni. Mo ṣírò rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, mo rí i pé ó ju ìlàjì owó tí mo fi ra ẹ̀rọ náà lọ.

Ẹ wò ó, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ẹni tí ó ní òǹtẹ̀ kò ní ọgbọ́n àtúnṣe. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ẹ̀rọ náà sì fi sùn sí yàrá wọn, inú ọdún kan gàráńtì mi ni wọ́n ti kà á kúrò.

Bàbá tí ó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ni ó gbà mí. Ó rí mi bí mo ti gbé páálí lé orí, ó ní, “Tíṣà, ṣé ẹ kò mọ Boundary ni? Ẹ gbé e sọdá.”

Boundary ni ẹnu ààlà Àpápá àti Ajégúnlẹ̀. Kò jìnnà rárá, ṣùgbọ́n bí ènìyàn ti ń sún mọ́ ọn ni ilé ńlá ń tán, tí ṣọ́ọ̀bù olórùlé páànù sì ń pọ̀. Ìjọ́, Ùròbò, Ìgbò àti Ẹ̀gùn ń gbé ibẹ̀ pọ̀ mọ́ Ilàjẹ àti àwọn Yorùbá yòókù, gbogbo wọn a sì máa fi pijin bá ara wọn dúnàádúrà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ ìlú yìí mọ́ eré bọ́ọ̀lù, nítorí ibẹ̀ ni irú Samson Siasia ti wá, wọ́n sì mọ̀ ọ́n mọ́ orin Daddy Showkey. Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni a kì í dárúkọ.

Ẹ jẹ́ kí a gbọ́ orúkọ ìlú náà dáadáa. “Gúnlẹ̀” ni à ń sọ nípa ọkọ̀ ojú omi tí ó bá dé èbúté. Ajégúnlẹ̀ ni pé ajé ti dé èbúté. Bẹ́ẹ̀, Àpápá ni ọkọ̀ òkun ń gúnlẹ̀ sí. Ohun tí mo rí ni pé nígbà tí ọjà bá gúnlẹ̀ tán ní Àpápá, tí ó sì bàjẹ́, Ajégúnlẹ̀ ni ó ń wá ìyè lọ. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní èbúté Èkó ní 2015 àti 2016 fi hàn pé ohun èlò iná àlòkù tí ó ń wọlé lọ́dọọdún tó bíi 60,000 tọ́ọ̀nù, kì í sì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ó ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ó bá dé. Àwọn ọmọ iṣẹ́ tí wọ́n bá ti tú irú ẹrù bẹ́ẹ̀ láti kékeré, kò sí inú ẹ̀rọ tí yóò ṣe àjèjì sí wọn.

Ọ̀gá tí wọ́n júwe fún mi jẹ́ ará Ilàjẹ, ó sì ti lé ní àádọ́ta ọdún. Ó ní kí n jókòó. Kò fọwọ́ kan bébà òǹtẹ̀ náà rárá. Ó béèrè lọ́wọ́ mi bí ẹ̀rọ náà ti ń ṣe, ó tẹ́tí sí kíkùn rẹ̀, ó sì ní kí n pa iná. Lẹ́yìn náà ni ó tọ wáyà mọ́tò tí ó ń lọ sí ọ̀tún, tí ó wà ní ìta àpótí, tí ó máa ń ká, tí ó sì máa ń nà bí ọ̀bẹ bá ti ń rìn. Wáyà mẹ́rin ni ó wà nínú rẹ̀. Ó fi mítà wọn wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ọ̀bẹ wà ní òsì, mítà dáhùn lórí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Nígbà tí ó rọra fi ọwọ́ tì í sí ọ̀tún, ọ̀kan nínú wọn dákẹ́.

Ó ní, “Tíṣà, ẹ wò ó fúnra yín. Wáyà yìí ti já nínú awọ rẹ̀. Bí ó bá nà, á fara kanra. Bí ó bá ká, á pínyà. Mọ́tò tí ó bá pàdánù wáyà kan, ẹsẹ̀ kan ló kù ú. Á máa gbọ̀n ni. Iná kọ́ ló ṣe é. Wáyà tó le jù ni wọ́n fi sí ibi tó ń ká.”

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni ó fi rí ohun tí àwọn tí ó ní òǹtẹ̀ kò rí ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó mú wáyà rírọ̀ kan jáde láti inú òkú ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì, tí ó ti lo ọjọ́ ayé rẹ̀ ní ìlú òyìnbó kí ó tó gba Àpápá wọlé. Ó fi lẹ́ẹ̀dì jó o mọ́ ojú rẹ̀, ó sì dì í. Owó tí ó gbà kò tó owó dánfó àti ọkọ̀ ojú irin tí mo ti san láti ìgbà tí wàhálà yìí ti bẹ̀rẹ̀. Pátákó 40 náà sì pé kí ìpàdé ìdágbére àwọn ọmọ tó kò.

Mo tẹ ajẹ́ńtì láago pé a ti rí àrùn náà, pé wáyà tí ó já láti ilé-iṣẹ́ ni, àti pé bébà òǹtẹ̀ wọn ṣì wà bí ó ti wà. Ìdáhùn wọn ni pé níwọ̀n ìgbà tí ọwọ́ ẹlòmíràn ti kàn án, kò sí gàráńtì mọ́. Owe àwọn baba wa wá sí mi lọ́kàn pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Àpápá ní pẹpẹ, Ajégúnlẹ̀ ní ọwọ́ tí ó wọ akèrègbè, ìwé kan ṣoṣo ni kò jẹ́ kí àwọn méjèèjì ran ara wọn lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tiwa nìkan. Ní Amẹ́ríkà, òfin ti wà láti 1975 tí kò gbà kí ẹni tí ó ta ọjà fi dandan lé e pé ọ̀dọ̀ òun nìkan ni kí a ti tún un ṣe, àyàfi bí òun bá ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Ní 2018, ìjọba wọn kọ ìwé ìkìlọ̀ sí ilé-iṣẹ́ mẹ́fà lórí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, tí bébà òǹtẹ̀ sì wà nínú rẹ̀. Ní Nàìjíríà níhìn-ín, òfin tí ó dá Federal Competition and Consumer Protection Commission sílẹ̀ ní 2019 fún oníbàárà ní ẹ̀tọ́ sí ọjà tí ó dára, tí ó lè ṣe iṣẹ́ tí a tìtorí rẹ̀ rà á, tí ó sì lè pẹ́ dé ìwọ̀n tí ó yẹ. Mo ti kọ ìwé ẹ̀sùn mi sí ìgbìmọ̀ náà, mo fi ẹ̀dà rìsíìtì sí i. Ẹni tí ohun tirẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí, kí òun náà kọ ọ́. Ẹjọ́ tí a kò rò kò ní adájọ́.

Ẹ̀yin oníṣòwò tí ẹ ń ta ẹ̀rọ, mo bẹ̀ yín, ẹ yan àwọn oníṣẹ́ tí ọwọ́ wọn dá múṣémúṣé ní Ajégúnlẹ̀, ní Ìbàdàn àti ní Abẹ́òkúta, kí ẹ fún wọn ní òǹtẹ̀ yín. Èrè yín ni. Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, bí ẹ bá ń kọ́ àwọn ọmọ ní kọ̀ǹpútà, ẹ kọ́ wọn ní mítà wíwọ̀n pẹ̀lú.

Ẹ̀yin tí ẹ sì ń lọ rajà, ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹfà ju èje lọ. Ẹ béèrè ibi tí ẹni tí yóò tún un ṣe ń gbé. Ẹ béèrè bóyá ẹ̀yà ara rẹ̀ wà ní Nàìjíríà, ẹni tí yóò san owó ọkọ̀, àti bóyá ọjọ́ tí ó bá sùn lọ́dọ̀ wọn yóò wọ inú ìṣirò. Kí wọ́n kọ ìdáhùn wọn sí ẹ̀yìn rìsíìtì. Ìgbà tí ẹ bá ti gba ìyẹn tán ni kí ẹ tó béèrè iye ọdún gàráńtì.