Ẹ̀rín Tó Gba Ara Ògiri Wọlé

Alẹ́ ọjọ́ Àìkú kan ni, ní oṣù kìíní ọdún 1989. Mo jókòó sí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì nínú yàrá tí mo háyà ní Peckham, ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, mò ń wo Only Fools and Horses lórí tẹlifíṣọ̀n kékeré kan tó jẹ́ pé híńgà aṣọ ni mo fi ṣe èrìyà rẹ̀. Del Boy, ọmọ ọjà tí kò ní kọ́bọ̀ ṣùgbọ́n tó ń ṣe bí olówó, wà ní ilé ọtí àwọn ọ̀tọ̀kùlú, ó ń kọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ bí ọkùnrin ṣe ń fara balẹ̀ níwájú obìnrin. Ó fẹ́ fẹ̀gbẹ́ ti káúńtà. Kò mọ̀ pé ẹni tó ń ta ọtí ti gbé pákó ibẹ̀ sókè láti kọjá. Ó fì, ó sì ṣubú gbì bí igi ọ̀pẹ tí wọ́n gé, kò ká ọwọ́, kò tẹ orúnkún.

Mo bú sẹ́rìn-ín. Àfi bí mo ṣe gbọ́ ẹ̀rín mìíràn láti ẹ̀yìn ògiri, ti àwọn òyìnbó ilé kejì. Mo tún gbọ́ ti òkè. Ìyá òyìnbó ilé kejì yẹn ò tíì kí mi ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ láti ọdún kan àbọ̀ tí mo ti débẹ̀, orí òjò ni gbogbo ìkíni náà sì dá lé. Ṣùgbọ́n lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹ̀rín rẹ̀ wọlé tọ̀ mí wá láìkan ilẹ̀kùn.

Kí n tó wá sí Ìlú Ọba, mo rò pé mo ti mọ òyìnbó tán. Mind Your Language tí wọ́n máa ń ṣe lórí NTA ló kọ́ mi: kíláàsì kan ní Lọ́ńdọ̀nù tí Mr Brown ti ń kọ́ àwọn àlejò ilẹ̀ oríṣiríṣi ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn àlejò ni wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ níbẹ̀. Àwa tí a máa di àlejò lọ́la ń rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú wa.

Ìgbà tí mo dé ni mo rí i pé mi ò mọ nǹkan kan. Ní ilé ìkẹ́rùsí tí mo ti kọ́kọ́ ríṣẹ́, èmi nìkan já ẹrù odindi ọkọ̀ kan kí àkókò tó tó. Ọ̀gá wa wò ó lọ, ó wò ó bọ̀, ó ní, "Kò burú." Ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi bínú. Ará Jàmáíkà kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ló là mí lóye: ìyìn tó ga jù lẹ́nu ọkùnrin yẹn nìyẹn. Ó tún kìlọ̀ fún mi pé bí òyìnbó bá ní "tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ ni mo fi ń sọ ọ́," èébú ló ń bọ̀. Bó bá sì ní kí n yà wá mu tíì lọ́jọ́ kan, n ò gbọ́dọ̀ béèrè ọjọ́ wo.

Ó sì yẹ kí n ti mọ̀. Ṣebí àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dénú rẹ̀, á di odindi? Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé àwọn kì í sọ tó àbọ̀. Ìdá kan nínú mẹ́rin ni wọ́n ń sọ, wọ́n á wá fi òjò parí ìyókù.

Ohun tí wọn ò lè sọ lójú ara wọn, ẹ̀fẹ̀ ló ń bá wọn sọ ọ́. Láti 1984 títí di 1996, Spitting Image wà lórí ITV, ọmọláńgidi rọ́bà lásán-làsàn tí ojú wọn jọ ti àwọn olóṣèlú. Wọ́n wọ kóòtù ọkùnrin fún Margaret Thatcher, olóòtú ìjọba ìgbà náà. Wọ́n sọ David Steel di ọmọ kíún tó ń gbé inú àpò David Owen, alájọṣe rẹ̀ nínú òṣèlú. Nígbà tó kan John Major tó rọ́pò Thatcher, wọ́n kùn ún ní àwọ̀ eérú látòkè délẹ̀, wọ́n gbé ẹ̀wà tútù síwájú rẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, níbi tí a ti ń mu tíì, ọ̀gá wa tó dìbò fún Thatcher ló máa ń sín in jẹ jù, ẹni tó sì ń rín in jù ni awakọ̀ kan tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà lára àwọn awakùsà tí Thatcher borí nínú ìdaṣẹ́sílẹ̀ 1984 sí 1985. Ìkòkò tíì kan náà ni àwọn méjèèjì ń dà. Thatcher fúnra rẹ̀ fẹ́ràn Yes Minister, eré tó ń fi àwọn mínísítà àti àwọn ọ̀gá òṣìṣẹ́ ìjọba ṣẹlẹ́yà, débi pé ní 1984 ó bá àwọn òṣèré rẹ̀ ṣe eré kékeré kan níwájú èrò.

Ọmọ Yorùbá ò ní í fi èyí ṣe tuntun. Ní ìlú Kétu, alẹ́ Ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n ń tú àṣírí ìwà ìbàjẹ́, ẹni tí orin bá bá wí á gbé e mì. Àwa náà sì ti fi òyìnbó ṣeré rí kí wọ́n tó mọ̀ wá dáadáa. Ní 1826, nígbà tí arìnrìn-àjò òyìnbó kan, Hugh Clapperton, dé Ọ̀yọ́ Ilé, àwọn eléégún ṣeré fún un. Lára ohun tí wọ́n gbé jáde ni òyìnbó kan: ó funfun, ó gbẹ, ó ń gbọ̀n bí ẹni tí òtútù mú, ó ń rìn bí ẹni tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ò tẹlẹ̀ rí, ó sì ń fín áṣáà. Èrò yíjú sí Clapperton kí ó má bàa fojú fo eré náà. Ó kọ ọ́ sínú ìwé ìrìn-àjò rẹ̀ pé òun ṣe bí ẹni tí inú rẹ̀ dùn tó tiwọn, pé òṣèré náà sì mọ òun ṣe lóòótọ́. Ẹni tó lè wo ara rẹ̀ lára eégún ẹlòmíì kí ó sì gbà pé ó jọ òun, irú òyìnbó tí mo bá níbí nìyẹn.

Mi ò ní fi oyin bo ìtàn náà o. Nínú àwọn eré 1970 sí nǹkan, èèyàn dúdú ni ẹ̀fẹ̀ fúnra rẹ̀. Ní ilé tí mo ń gbé, wọ́n kọ ọ́ sára àtẹ̀gùn pé ká máa lọ sílé. Àwa ò sí nínú Peckham ti Del Boy tó bó ṣe yẹ, bẹ́ẹ̀ Peckham tí mò ń jí sí kún fún wa. Bristol ni wọ́n tiẹ̀ ti wá ń ya púpọ̀ nínú eré náà. Ìgbà tí Desmond's bẹ̀rẹ̀ lórí Channel 4 ní 1989, ní ṣọ́ọ̀bù bábà kan ní Peckham, ni àwa gan-an di ẹni tó ń dá ẹ̀fẹ̀. Matthew ọmọ Gáńbíà wà níbẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ tí kò kàwé tán láéláé, tí òwe kì í tán lẹ́nu rẹ̀. Gbogbo wa la mọ irú bùọ̀dá bẹ́ẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù.

Lónìí, bí o bá rìn ní Rye Lane ní Peckham, o lè ra iṣu, ẹ̀fọ́ àti pọ̀nmọ́ láìsọ Gẹ̀ẹ́sì kan. Ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Wimbledon, tó dàgbà ní Èkó, Kemi Badenoch, di olórí ẹgbẹ́ Conservative, ẹgbẹ́ Thatcher, ní oṣù kọkànlá 2024. Bó o fara mọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ bí o ò fara mọ́ ọn, kò sẹ́ni tó lè sọ ọ́ fún mi ní 1989 kí n má pè é ní alálàá.

A ti wọlé. Àmọ́ bí àlejò ṣe gbọ́ àwàdà náà tán, ńṣe ni àwọn onílé dẹ́kun bíbá ara wọn rín in. Fún ẹni tí kò ní sátẹ́láìtì tàbí kébù, ìkànnì tẹlifíṣọ̀n mẹ́rin péré ló wà títí di 1997. Ní ìparí 1996, èèyàn mílíọ̀nù mẹ́rìnlélógún ó lé ló wo Del Boy lálẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo. Nísinsìnyí, kálukú ló ki nǹkan bọ etí, tó ń rín tirẹ̀ lójú fóònù. Òṣèlú náà sì wọnú ẹ̀fẹ̀ kò jáde mọ́. Láti 1998 ni Boris Johnson ti ń jókòó nínú eré apanilẹ́rìn-ín Have I Got News for You, tí wọ́n ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, tó ń yẹ̀yẹ́ ara rẹ̀. Ní 2019 ó di olóòtú ìjọba. Ọmọláńgidi kì í dìde kó gba ìjọba láyé Thatcher.

Ìbò oṣù kẹfà 2016 ló parí ẹ̀. Ìdá 51.9 nínú ọgọ́rùn-ún ní kí Ìlú Ọba jáde kúrò nínú Àjọ Ilẹ̀ Yúróòpù, ìdá 48.1 ní kí wọ́n dúró. Níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ lọ́dún náà, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ lè ya ìkòkò tíì sí méjì. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo tún rí i tí gbogbo wọn jọ rín ohun kan náà, ní 2022, nígbà tí ìwé ìròyìn Daily Star gbé ewé letúùsì kan kalẹ̀, tó dé wíìgì lé e lórí, tó ní ká wò ó bóyá Liz Truss, olóòtú ìjọba ìgbà náà, á pẹ́ jù ú lọ. Truss lo ọjọ́ 49 lórí oyè. Ewé ló borí. Ẹ̀rín náà pọ̀, ṣùgbọ́n ó korò lẹ́nu, nítorí olóòtú ìjọba mẹ́ta ló jẹ lọ́dún kan yẹn.

Ọmọ àbúrò mi, nọ́ọ̀sì, wà lọ́dọ̀ mi báyìí, ó ń múra ìdánwò tí àlejò ń ṣe kí ó tó lè di ará Ìlú Ọba. Ìbéèrè 24 ni, ìṣẹ́jú 45, o gbọ́dọ̀ gba 18. Ẹ̀fẹ̀ wà nínú ìwé rẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé mímọ bí a ti ń fi ara ẹni rẹ́rìn-ín jẹ́ ara ìwà àwọn. Ọmọ náà ń há a sórí bí ìṣirò: Monty Python, 1969. Ó gbójú sókè, ó ní, "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, kí ni wọ́n ń rín gan-an?"

Mo gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, mo wá Del Boy àti káúńtà rẹ̀ kàn. Bí Del ṣe ṣubú, ọmọ náà figbe ta, ó ń lu àga, ó ní kí n tún un ṣe. A wò ó tó ẹ̀ẹ̀mẹfà. N kò mọ ìgbà tí mo ń dẹtí sí ògiri. Kò sóhùn kankan láti ibẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, a pàdé ọ̀dọ́mọkùnrin òyìnbó ilé kejì lẹ́nu géètì. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Ó jọ pé alẹ́ àná yín dùn gan-an."

"Ó dùn púpọ̀, ẹ ṣé o!" ni ọmọ wa wí, tayọ̀tayọ̀.

Mo wo ọmọkùnrin náà, òun náà wò mí. Mo ní ó jọ pé òjò máa rọ̀. Ó ní ó jọ bẹ́ẹ̀.

"Dádì," ni ọmọ àbúrò mi wí bí a ṣe ń lọ síbi bọ́ọ̀sì, "èèyàn dáadáa ni aládùúgbò yín yìí o."

Mo ní, "Kò burú."