Òtútù Bá Màmá Nílùú Ooru

Ìyá kan tó ń ta aṣọ òkè n'Ìbàdàn ń palẹ̀ ẹrù mọ́ lóṣù kẹsàn-án ọdún 2020, ó fẹ́ lọ bá ọmọ rẹ̀ wẹ ìbejì l'Ámẹ́ríkà. Ọmọ náà pè é lórí fóònù: "Màámi, ẹ má wulẹ̀ kó súwẹ́tà o. Bí Èkó ni ibi tá a wà yìí rí." Ni Màmá bá yọ súwẹ́tà, ó fi èlùbọ́ dí àyè rẹ̀. Ta ni yóò dá a lẹ́bi?

Ọmọ náà kò kúkú purọ́. Houston ni wọ́n ń gbé, ní Harris County ní ìpínlẹ̀ Texas. Afẹ́fẹ́ òkun Mẹ́síkò ló ń gbé ooru àti ọ̀rinrin wọ ibẹ̀. Bó bá di oṣù keje sí ìkẹjọ, ooru a máa tó ìwọ̀n 35 Celsius, aṣọ á lẹ̀ mọ́ èèyàn lẹ́yìn. Òjò ò mọ ẹ̀ẹ̀rùn níbẹ̀. Nígbà tí ìjì Harvey jà lọ́dún 2017, omi òjò ọjọ́ mẹ́rin péré ju mítà kan lọ láwọn ibì kan. Bùbá àti ìró ni Màmá ń wọ̀ kiri, ó ní, "Amẹ́ríkà olótùútù tí wọ́n fi ń dẹ́rù bani náà nìyí?"

Ohun tẹ́nikẹ́ni ò sọ fún un ni pé kò sí òkè tó dábùú láàárín ibẹ̀ àti Kánádà. Bí afẹ́fẹ́ yìnyín bá já láti àríwá, tààrà ló ń bọ̀. Kì í ṣe ọdọọdún, ìdí sì nìyẹn tí àwọn ará ibẹ̀ kì í fi í múra sílẹ̀ dè é.

Lóru mọ́jú ọjọ́ 15 oṣù kejì ọdún 2021, iná lọ. Títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi mọ́, òtútù ti fi ìwọ̀n 10 rẹlẹ̀ ju ibi tí omi ti ń di yìnyín. Páìpù omi bẹ́ lókè àjà. Màmá wọ bùbá mẹ́ta léra wọn, ó tú aṣọ òkè tó kó wá tà, ó fi bo àwọn ìbejì.

Ọkọ ọmọ rẹ̀ da èédú sínú ààrò onírin tí wọ́n fi ń yan ẹran níta, ó dáná sí i, ó fẹ́ gbé e wọ pálọ̀. Màmá dìde, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Bàbá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e wọlé."

"Màámi, a máa ṣí wíńdò díẹ̀."

"Èéfín jẹnẹrétọ̀ tó pa bàbá, ìyá àtọmọ ládùúgbò wa ò pariwo kó tó pa wọ́n. Ẹ gbé e padà síta, tàbí kẹ́ ẹ gbé èmi náà síta."

Ọkùnrin náà bínú díẹ̀, àmọ́ ó gbé e jáde. Gbogbo wọn kó ara wọn jọ sórí bẹ́ẹ̀dì kan ṣoṣo títí iná fi dé.

Lẹ́yìn náà ni ìròyìn wá ń jáde. Àwọn kan gbé èédú wọlé, àwọn mìíràn tan mọ́tò nínú gáréèjì tí wọ́n tì pa, èéfín pa nínú wọn. Òkú 246 ni ìjọba ìpínlẹ̀ Texas kà. Òtútù gan-an ló pa èyí tó pọ̀ jù.

Kí oṣù náà tó parí, ooru ti padà dé. Súwẹ́tà tí wọ́n wá ra fún Màmá, inú àpótí ló wà títí tó fi dé Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n bí fóònù bá ti dún láti Houston lóṣù kejì, kó tó béèrè àwọn ìbejì, ibi tí ààrò wà ló kọ́kọ́ ń béèrè.