Agídìgbo àti Rédíò Tó Ti Kú

Tí mo bá ti rí àwọn tó ń tú rédíò àti fídíò àtijọ́ láti yọ bàbà inú rẹ̀ nítòsí ààtàn Solous ní Ìgàndó, olórin Mawangu Mingiedi ló máa ń wá sí mi lọ́kàn. Ní Kinshasa, òòfà inú ẹ̀yà ọkọ̀ tó ti bàjẹ́ ló fi ṣe máìkì fún likembe, ìbátan agídìgbo wa. Ẹgbẹ́ rẹ̀, Konono No. 1, gbé àwo orin Congotronics jáde ní 2004, ìró yẹn sì dé Yúróòpù àti Amẹ́ríkà.

Bákan náà, sípíkà inú àwọn rédíò àtijọ́ yẹn lè ṣe iṣẹ́ máìkì. Ẹ so wáyà rẹ̀ mọ́ ojú ihò máìkì lára áńpù, kí ẹ gbé e ti pátákó agídìgbo. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Ìgàndó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dán an wò kí ẹ tó tà á fún oníbàbà.