Ìwọ̀-Oòrùn Èbúté: Láti Mile 12 Dé Lomé

Oṣù kẹjọ ni ẹni tó ń ta tòmátò ní Mile 12 máa ń rí àyè mí. Ọjà tó ń bọ̀ láti Òkè Ọya ti dínkù nígbà yẹn, apẹ̀rẹ̀ kan á wọ́n bí ojú, oníbàárà á máa bèèrè iye rẹ̀ láì rà á. Ìgbà yẹn náà ni òjò Èkó máa ń dá díẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí ọkọ mi ní kí a wá ibì kan tí òkun wà, tí ìlú sì wà, kí a lọ sinmi, oṣù ni mo kọ́kọ́ mú kí a tó mú ibi.

Ibi ló dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Tarkwa Bay ni ọkọ mi fẹ́. Òótọ́ ni pé omi ibẹ̀ rọlẹ̀, nítorí òkúta tí wọ́n tò sí ẹnu ọ̀nà tí ọkọ̀ òkun ń gbà wọ Èkó ń gba ìgbì dúró. Ṣùgbọ́n Èkó náà ni: bí alábàárù bá pè mí pé ọkọ̀ Kano ti wọlé, ẹsẹ̀ mi á ti yá. Badagry ńkọ́? Mo fẹ́ràn Gbẹ̀rẹ̀fú, mo fẹ́ràn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n kọ́ parí ní 1845, àmọ́ ìlú jẹ́ẹ́jẹ́ ni. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Accra ni ká lọ. Bodè mẹ́ta la ó kọjá kí a tó débẹ̀, owó wa á di sẹ́fà, á tún di sídì. Kútọnu ló sún mọ́ wa jù, etíkun Fidjrossè sì dára, ṣùgbọ́n etí ọ̀sà ni ọjà Dantokpa wà, ó jìnnà sí iyanrìn yẹn. Ibi tí mo lè fi ẹsẹ̀ rìn láti yàrá dé òkun, kí n tún fi ẹsẹ̀ rìn láti òkun dé ọjà, lèmi ń wá.

“Bàbá Ìbejì, ẹ jẹ́ ká lọ sí Lomé.”

“Ìyá Ìbejì, kí ló wà ní Lomé?”

“Tí a bá débẹ̀, ẹ ó rí i.”

A gba Oshodi dé Mile 2, a wọ ọkọ̀ Sẹ̀mẹ̀. Láti ọdún 1979 ni àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti jọ fọwọ́ sí i pé ọmọ ìlú kan lè lo 90 ọjọ́ ní ìlú kejì láì gba físà. Páásípọ́ọ̀tù àti yẹ́lò káàdì la mú dání. Ẹ̀ẹ̀kan péré la ṣẹ́ owó, nítorí sẹ́fà kan náà ni Benin àti Tógò ń ná. Ní Kútọnu, ère jagunjagun obìnrin tí wọ́n gbé dúró ní 2022, tó ga tó mítà 30, ni ọkọ mi ṣáà ń wò. A kọjá Ouidah, a kọjá Grand-Popo pẹ̀lú àgbọn rẹ̀, a dé bodè Hilla-Condji, níbi tí aago ti ń padà sẹ́yìn wákàtí kan.

Lẹ́yìn bodè yẹn ni Aného wà, níbi tí òkun ti jẹ ilé àti ọ̀nà. Bàbá ará Ògbómọ̀ṣọ́ kan tó ti pẹ́ ní Lomé jókòó tì wá nínú ọkọ̀. Ó ní: “Ọmọ mi, iyanrìn etíkun yìí kì í dúró lójú kan. Ìwọ̀-oòrùn ló ti ń bọ̀, ìlà-oòrùn ló ń lọ. Ìgbà tí wọ́n ṣí èbúté Lomé ní 1968, òkúta rẹ̀ dá iyanrìn dúró. Ẹ̀gbẹ́ ìgboro ló kó jọ sí. Àwọn tó wà níwájú ni ebi iyanrìn ń pa.”

Ọkọ mi pariwo: “Bar Beach!” Bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí. Òkúta tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tò sí ẹnu òkun Èkó láàárín 1908 sí 1912 ló jẹ́ kí Lighthouse Beach, tó wà ní ìwọ̀-oòrùn, máa gbòòrò sí i, tí Bar Beach fi ń jẹrà títí omi fi ń bo ọ̀nà Ahmadu Bello. Eko Atlantic ló wà níbẹ̀ báyìí. Bí ti Kútọnu ṣe rí náà nìyẹn: Fidjrossè wà ní ìwọ̀-oòrùn èbúté, ó ní iyanrìn; àwọn ará ìlà-oòrùn ń sunkún ilé. Ẹ̀yin tó ń wá etíkun, ẹ kọ́kọ́ bèèrè ibi tí èbúté wà.

Etíkun Lomé fẹ̀ lóòótọ́. Ọ̀nà ńlá kan tẹ̀ lé e, ìgboro wà lódì kejì ọ̀nà. Ìyókù afárá tí àwọn Jámánì kọ́ wọ inú òkun ní 1904 ṣì wà nínú omi. Omi náà tutù ju bí mo ṣe rò lọ. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn ní oṣù keje sí ìkẹsàn-án. Ẹ má lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀ o: ilẹ̀ rẹ̀ já gèèrè, omi abẹ́ rẹ̀ ń fa ènìyàn. Orúnkún la wọ̀ ọ́ dé, ó sì tó wa.

Láti etí omi, a rìn dé ọjà ńlá Assigamé, nítòsí ṣọ́ọ̀ṣì àgbà tí àwọn Jámánì kọ́ ní 1902. Ibẹ̀ ni àwọn ìyá tí wọ́n ń pè ní Nana Benz ti ta ànkárá Holland títí wọ́n fi ra Mercedes, débi pé ìjọba ń yá ọkọ̀ wọn láti fi gbé àlejò. Iná jó ilé ọjà náà ní oṣù kìn-ín-ní 2013. Mo dúró níwájú rẹ̀, inú mi bàjẹ́, nítorí mo mọ ohun tí ìsọ̀ kan jẹ́ fún obìnrin tó fi tọ́mọ. Àmọ́ ní àyíká ibẹ̀, àwọn ọmọ wọn ń tajà, wọ́n ń ná owó, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Mo rí àlùbọ́sà Galmi láti Nìjẹ̀, mo mú un lọ́wọ́, mo bèèrè iye rẹ̀. Ọkọ mi ní ìsinmi la wá ṣe. A jẹ akumé pẹ̀lú adémè, ewédú wa náà ni, ata rẹ̀ sì pọ̀ dáadáa.

Bàbá Ìbejì ṣì ń sọ pé Tarkwa Bay ló dára jù fún ẹni tó fẹ́ lúwẹ̀ẹ́, n kò sì bá a jiyàn lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n oṣù kẹjọ tó ń bọ̀, Lomé la tún fi sí, ẹ̀gbọ́n mi á sì bá wa lọ. Tó bá ṣì ń wù ú láti rí Accra, Aflao tó wà ní bodè Ghana kò ju ìpẹ̀kun ìgboro Lomé lọ, ó lè wọ ọkọ̀ níbẹ̀.