Ta Ló Yọ Gìtá Yẹn Kúrò?

Nígbà tí à ń dàgbà ní Agége, ọjọ́ Àìkú nìkan ni Dádì máa ń rójú jókòó. Ọjọ́ mẹ́fà yòókù, iṣẹ́ ni, ọ̀sẹ̀ kan lọ́sàn-án, ọ̀sẹ̀ kejì lóru, nílé iṣẹ́ kan tí kò jìnnà sí títì Ọba Akran n'Ìkẹjà. Tó bá ti jẹ búrẹ́dì àti ẹ̀wà tán lọ́jọ́ Àìkú, á fa àwo orin kan yọ nínú páálí rẹ̀, á fi aṣọ nù ún, á gbé e sórí ẹ̀rọ, á wá dijú. Àwa ọmọ mẹ́ta ti mọ̀ pé a ò gbọdọ̀ pariwo títí ojú kìíní á fi parí.

Juju Music lorúkọ àwo náà. King Sunny Adé àti àwọn African Beats ló gbé e jáde lọ́dún 1982. Dádì ní àpọ́n ṣì lòun nígbà tóun rà á.

Ká má parọ́, a ò fẹ́ràn ẹ̀. Dagrin là ń gbọ́ nígbà yẹn. Orin yára, ọ̀rọ̀ ń já lura bí àgbàdo nínú ìkòkò gbígbóná. Lójú tiwa, orin Dádì dà bí ọkùnrin tó jáde nílé láì mọ ibi tó ń lọ, tí kò sì kánjú àtidé'bẹ̀. Gìtá á sọ nǹkan kan, á tún un sọ, á tún tún un sọ. A máa ń ṣẹ́jú síra wa pé ìgbà wo ni orin gan-an fẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tó yá, ẹ̀rọ àwo bàjẹ́, ó sì wà bẹ́ẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Lọ́jọ́ ìbí Dádì kan, àkọ́bí wa lọ sí Computer Village, ó ra sípíkà kékeré kan bọ̀, ó wá orin náà sórí fóònù. A jókòó yí bàbá wa ká, inú wa ń dùn. A fi "365 Is My Number" sí i. Dádì tẹ́tí, ó fajú ro.

"Ta ló yọ gìtá Démọ́lá kúrò?"

A bú sẹ́rìn-ín. A rò pé àwàdà ni. "Dádì, ó wà ńbẹ̀ nà." A yí ohùn rẹ̀ sókè. Ó mi orí.

"Èyí tẹ́ ẹ rà yìí kì í ṣe ojúlówó o. Ìlù ni mò ń gbọ́. Wọ́n ti gé gìtá ibẹ̀ kúrò."

Bó ṣe ń sọ ọ́ yẹn, gìtá náà ló kún gbogbo pálọ̀.

Mọ́mì ló kọ́kọ́ dákẹ́. Ó ti tó ọdún mélòó kan tó ti ń bá Dádì jà pé tóun bá pè é láti kíṣìnì, ńṣe ló máa ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Àwa náà ti jókòó sọ ọ́ lẹ́yìn rẹ̀ pé ó ti ń ya alágídí.

Dókítà tó yẹ etí rẹ̀ wò ò tiẹ̀ béèrè ọjọ́ orí. Iṣẹ́ tó ń ṣe ló béèrè. Dádì ní ìdí ẹ̀rọ lòun ti lo ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Ṣé wọ́n fún un ní ohun tó máa fi dí etí? Rárá. Òwú làwọn máa ń ká bọ etí fúnra àwọn, ọ̀gá kan a sì máa bínú tó bá rí i, pé wọn ò ní gbọ́ tóun bá pè.

Dókítà wá ṣàlàyé pé nínú etí lọ́hùn-ún, àwọn nǹkan tín-ín-rín bí irun wà níbẹ̀ tó ń gba ohùn wọlé. Ariwo ńlá tí kì í sinmi ló ń pa wọ́n, tí wọ́n bá sì ti kú, wọn kì í hù mọ́. Ohùn tó bá ròkè ló máa ń kọ́kọ́ lọ: ohùn ẹyẹ, ohùn ọmọdé. Ohùn ìlù máa ń pẹ́ kó tó tẹ̀lé e.

Látìgbà náà, tó bá di ọjọ́ Àìkú, Dádì á ní ká fi orin náà sí i, ká máa sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀ fóun. Bẹ́ẹ̀ làwa náà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ọ.

Démọ́lá Adépọ̀jù ló ni gìtá tí Dádì ń wá. Kì í ṣe irú èyí tí wọ́n ń fi kọ́ ọrùn. Ńṣe ni wọ́n tẹ́ ẹ sílẹ̀ bíi tábìlì, tí onígìtá jókòó tì í, tó ń yí irin kan lórí okùn rẹ̀, tó sì ń fi ẹsẹ̀ tẹ ohun tó ń yí ohùn rẹ̀ padà. Láti Hawaii ni ohun èlò náà ti ṣẹ̀ wá, kó tó di ohun tí àwọn olórin ìgbèríko Amẹ́ríkà ń lò. Lọ́wọ́ Démọ́lá, ó dà bí ẹni tó ń pe èèyàn láti òkèèrè, tí kò sì jágbe.

Àwọn gìtá tó kù ò bá a dù ú. Èyí á mú gbólóhùn kékeré kan, á dì í mú. Òmíràn á dá a lóhùn. Gángan á sọ tiẹ̀ lábẹ́ wọn, á dákẹ́. Nílé níbí, orin jùjú lè gba odindi ojú àwo kan láì dáwọ́ dúró. Ṣùgbọ́n Island Records, tí Bob Marley ṣẹ̀ṣẹ̀ kú mọ́ lọ́wọ́ lọ́dún 1981, fẹ́ gbé e dé etí aráyé, Martin Meissonnier, ọmọ ilẹ̀ Faransé, sì bá wọn ṣètò rẹ̀ sí orin méje. Pẹ̀lú gbogbo ìyẹn, wọn ò kán an lójú. Ohun tí à ń pè ní ìlọ́ra látijọ́, àyè ni. Olúkúlùkù ń ṣe ìwọ̀nba, kí ẹnì kejì lè rí ibi fẹsẹ̀ sí.

A sọ ọ́ fún Dádì. Ó ní òun mọ̀. "Kí lẹ rò pé mo fi ń gbọ́ ọ? Ẹ̀rọ tí mò ń bá ṣiṣẹ́ kì í dákẹ́ gbọ́ ẹlòmíràn."

Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń dùn wá. Ó ti fẹ̀yìn tì báyìí. Ẹnikẹ́ni ò san kọ́bọ̀ fún un nítorí etí rẹ̀, òun náà ò sì fẹ́ ká bá ẹnikẹ́ni fà á. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kà á, tí bàbá tàbí màmá yín bá ń ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ, ẹ má dúró de ọjọ́ ìbí. Ẹ bi wọ́n ohun tí wọ́n ń gbọ́. Tí wọn ò bá sì dáhùn, ẹ má yára pè é ní àgídí.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, Dádì gbé àtẹ́lẹwọ́ lé sípíkà bó ṣe máa ń ṣe, kí ìlù lè gba ibẹ̀ wọlé sí i lára. Iṣẹ́ àbíkẹ́yìn wa ni láti fọwọ́ kan èjìká rẹ̀ tí gìtá Démọ́lá bá fẹ́ wọlé. Ṣùgbọ́n kó tó nawọ́, Dádì ti ń fi imú kọ ọ́, lójú ibi tó yẹ gẹ́lẹ́.

A wo ara wa. Dádì ò lajú. Ó ní ká fi òun sílẹ̀ jàre, òun mọ ibi tó wà.