Ìtìjú Ló Jẹ́ Kí N Máa Sùn Nínú Kòtò

Kílò 118 ni mo wọ̀n lọ́dún tí ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó gbọ́ ọ lẹ́nu mi, ọkọ mi pàápàá kò gbọ́ ọ. Ibẹ̀ ni wàhálà mi ti ṣẹ̀ wá.

Nígbà tí a kó dé ilé wa tuntun ní Ìbàdàn, mo lọ sí Dùgbẹ̀ láti ra fóòmù. Ọkùnrin tó ń tà á bi mí ní ìbéèrè tó yẹ kí ọlọ́jà bi èèyàn. Ó ní, "Mà, ta ló máa sùn lórí ẹ̀?" Àwọn oníbàárà mìíràn dúró sítòsí. Ojú tì mí. Mo ní yàrá àlejò ni mo ń rà á fún. Ló bá mú mi débi èyí tó yẹ yàrá àlejò. Ó ga ní ínǹṣì 14, aṣọ aláràbarà tó dán ni wọ́n fi bò ó, owó rẹ̀ kò sì gani lára. Mo jókòó lé e, mo rì sínú rẹ̀ wọ̀ọ̀, inú mi dùn. Mo ní ohun tó ga tó báyìí kò lè rẹ̀ sílẹ̀ bọ̀rọ̀. Mo sanwó, mo gbé e lọ sílé. Èmi ni mo purọ́ lọ́jọ́ náà, ọlọ́jà kò purọ́ fún mi.

Kò pẹ́ rárá tí àárín fóòmù náà fi wọlẹ̀. Ibi tí ìbàdí mi máa ń wà di kòtò. Ọkọ mi, tí kò sanra, á kàn máa yí wá bá mi lójú oorun, títí ó fi di pé etí bẹ́ẹ̀dì ló ń dì mú sùn. Bí ilẹ̀ bá mọ́, mi ò lè dìde lẹ́ẹ̀kan náà. N óò kọ́kọ́ yí sí ẹ̀gbẹ́, n óò fi ọwọ́ méjèèjì ti ara mi sókè, ọkọ mi á wá fà mí. Ẹ̀yìn mi a máa dùn mí títí di ọ̀sán.

Mo tún lọ ra òmíràn. Lọ́tẹ̀ yìí, mo ní èyí tó le jù lọ́jà ni mo fẹ́, èyí tí wọ́n kọ orthopaedic sí lára, torí mo ti gbọ́ pé ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn, orí ohun tó le bíi pákó ló yẹ kó máa sùn. Mi ò tún sọ ìwọ̀n mi fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀gbẹ́ ni mo sì máa ń fi sùn. Láàárín oṣù kan, èjìká ń ro mí, egungun ìbàdí ń ro mí, apá á kú tipiri mọ́ mi lára lóru. Mo wá gbé fóòmù àkọ́kọ́ lé ẹlẹ́ẹ̀kejì lórí, mo rò pé ọgbọ́n ni. Kòtò náà kàn sún mọ́ òkè sí i ni.

Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ló ká mi lára jù. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ń gbé ní Abẹ́òkúta. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe àdìrẹ títẹ́ sórí bẹ́ẹ̀dì fún wa nígbà tí a kó wọ ilé. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ro ìgbà tó gbé e wá àti ìgbà tí ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí, mo rí i pé wọn kò jìnnà síra. Mo parí ẹjọ́ náà lọ́kàn mi pé aṣọ rẹ̀ ló fà á. Mo ká aṣọ yẹn, mo gbé e lọ sẹ́yìn ilé, mo dáná sun ún. Nígbà tó wá kí wa lọ́dún Àjíǹde, tó béèrè aṣọ rẹ̀, mo ní ó ti ya. Bó bá pè mí lórí fóònù, mi ò ní gbé e. Mo gbààwẹ̀ nítorí rẹ̀, mo ṣe àìsùn nítorí rẹ̀, mo ń gbàdúrà kí Olúwa gbà mí lọ́wọ́ obìnrin tí kò mọ nǹkan kan. Ọlọ́run ń wò mí. Kò fi ìbínú dá mi lóhùn. Ọmọkùnrin kan ló rán sí mi.

Ara àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa ni, ó sì ti ṣiṣẹ́ rí nílé iṣẹ́ fóòmù kan ní Èkó. Wọ́n wá bá wa kó ẹrù ọjọ́ tí a fẹ́ kun yàrá. Òun nìkan ló dá gbé fóòmù ínǹṣì 14 náà, pẹ̀lú ìrọ̀rùn. Ó dúró, ó wò mí. Ó ní, "Màmá, ẹ má bínú o, ta ló ń sùn lórí èyí?" Ìbéèrè tí mo sá fún ní Dùgbẹ̀ ló tún bá mi nínú yàrá mi. Mo bú sẹ́kún. Mo sọ iye kílò mi, ọkọ mi sì ń gbọ́. Ọkọ mi ní, "Ṣé ohun tí o ti ń fi pa mọ́ fún mi náà nìyẹn?" Ó sì dì mọ́ mi.

Ọmọ yẹn jókòó, ó ṣàlàyé fún mi. Ìhò wẹ́wẹ́ ló kún inú fóòmù, ògiri tín-ín-rín ló sì pààlà láàárín wọn. Bí èròjà tí wọ́n fi ṣe é kò bá pọ̀, ìwúwo ara, ooru àti òógùn á máa wó àwọn ògiri náà díẹ̀díẹ̀ lóròòru, títí fóòmù kò fi ní lè gbérí mọ́. Ìbàdí ló ń kọ́kọ́ wọlẹ̀ torí ibẹ̀ ló wúwo jù, ọ̀pá ẹ̀yìn á sì tẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Gíga kò lè gba èèyàn lọ́wọ́ ìyẹn. Ohun tó yẹ kí n béèrè ni bí inú rẹ̀ ṣe kì tó: kílò mélòó ni yóò wọ̀n bí gígùn, ìbú àti gíga rẹ̀ bá jẹ́ mítà kọ̀ọ̀kan. Ó ní ẹni tó bá ti lé ní kílò 100 kò gbọdọ̀ wo èyí tí kò tó 30. Ó tún kọ́ mi bí mo ṣe lè dá irọ́ mọ̀. Fóòmù ẹsẹ̀ bàtà 6 sí 6 tó ga ní ínǹṣì 10, bó bá jẹ́ 30 lóòótọ́, á wọn bíi kílò 25. Bó bá jẹ́ 16, kò ní pé kílò 14. Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn máa ń da lẹ́búlẹ́bú ẹfun mọ́ èròjà kó lè wúwo, nítorí náà kí n fi orúnkún tẹ̀ ẹ́, kí n yẹra, kí n wò ó bóyá ojú ẹsẹ̀ ló gbérí.

Ó ní líle yàtọ̀ sí kíkì. Fóòmù lè le lónìí kó sì wọlẹ̀ lọ́la. Nígbà tí mo sọ èyí fún dókítà, ó sọ ìwádìí kan fún mi tí wọ́n ṣe ní Sípéènì, tó jáde nínú The Lancet lọ́dún 2003. Àwọn 313 tí ẹ̀yìn ti ń dùn tipẹ́ ni wọ́n pín sọ́nà méjì. Lẹ́yìn 90 ọjọ́, ara àwọn tó sùn lórí èyí tó le níwọ̀ntúnwọ̀nsì yá ju ti àwọn tó sùn lórí èyí tó le gan-an lọ. Ẹni tó ń fi ẹ̀gbẹ́ sùn bíi tèmi gbọ́dọ̀ ríbi rọra ri èjìká àti ìbàdí sí.

Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì náà ní ẹ̀bi tirẹ̀. Àwọn pákó ibẹ̀ jìnnà síra, kò sì sí ẹsẹ̀ kankan láàárín. Káfíńtà fi pákó kún un, ó sì kan ẹsẹ̀ mọ́ ọn. Fóòmù kíkì 32 la rà, ojú rẹ̀ rọ̀ díẹ̀. Owó rẹ̀ kò tó àpapọ̀ owó méjì tí mo ti kọ́kọ́ ná. A máa ń yí ibi orí rẹ̀ sí ibi ẹsẹ̀ látìgbàdégbà, àárín rẹ̀ kò sì tíì wọlẹ̀. Èmi nìkan ni mo ń dìde báyìí.

Mo lọ sí Abẹ́òkúta, mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́ aṣọ tí mo sun. Ẹ̀gbọ́n mi dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá béèrè bóyá ẹ̀yìn náà ti san. Ó forí jì mí.

Ẹ̀yin tí ara yín tóbi bíi tèmi, mo bẹ̀ yín, ẹ gun òṣùwọ̀n kẹ́ ẹ tó jáde nílé, kẹ́ ẹ sì sọ iye tó bá jẹ́ fún ọlọ́jà láìfi bò. Bó bá jẹ́ tọkọtaya ni yín, ẹ sọ ti ẹni tó wúwo jù. Kẹ́ ẹ dùbúlẹ̀ sórí fóòmù náà lójú gbogbo èèyàn, bí ẹ ṣe máa ń sùn nílé gan-an, kẹ́ ẹ tó mú owó jáde.